Ẹni Tó Ń Kó Kúrò L'Ékòó, Ọ̀nà Ni Kó Kọ́kọ́ Wò

Ìpinnu láti kó kúrò ní Èkó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù; nígbà tó fi máa di oṣù keje ọdún náà, lítà epo tí wọ́n ń tà ní bí ₦190 ti di ₦617. Láti ìgbà náà ni owó ọkọ̀ àti owó ilé ti jọ ń fa owó oṣù òṣìṣẹ́ ya. Àwọn kan ń lọ ra ilẹ̀ ní Ìbàfò àti Mówè, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn mìíràn kọjú sí Ìjẹ̀bú, wọ́n ń béèrè Odògbólú, wọ́n ń béèrè Ayépé. Àwọn tí ooru Èkó ti sú pátápátá tilẹ̀ ń dárúkọ Jọ́ọ̀sì. Ohun méjì ni gbogbo wọn fi ń díwọ̀n ìlú: bí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ṣe tura tó, àti bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ṣe pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n bí ẹni pé wọ́n wúwo bákan náà, ibẹ̀ ni ìṣírò wọn ti ń wọ́. Ooru ṣeé bá jà. Onílé kan lè dín in kù nínú ọgbà tirẹ̀. Ọ̀nà tó dí kò ṣeé bá jà. Olówó àti tálákà ni yóò jọ jókòó sínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀nà ṣáájú ojú ọjọ́ yóò rí i pé Ayépé sàn ju Ìbàfò lọ, ó sì sàn ju Jọ́ọ̀sì lọ, àyàfi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó gbọ́dọ̀ dé Èkó lójoojúmọ́.

Kò sí àní-àní pé ilẹ̀ gíga a máa tutù. Bí èèyàn bá gun òkè dé ẹgbẹ̀rún kan mítà, ooru máa ń dín kù ní nǹkan bíi dígírì mẹ́fà sí méje. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti fẹ̀yìn tì fi ń wá àwọn ìlú orí ilẹ̀ gíga aṣálẹ̀ bí Albuquerque, tó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,500 mítà: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ, oòrùn a mú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òru a tutù nítorí kò sí ìkùukùu tí yóò há ooru mọ́lẹ̀. Ní Nàìjíríà, Jọ́ọ̀sì ló sún mọ́ irú rẹ̀ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe aṣálẹ̀. Ó ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,200 mítà. Ànàmọ́ òyìnbó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, àwọn òyìnbó tó wá wa tánńganran rí ibi sùn láìlàágùn, àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, sì ti fi ibẹ̀ ṣe ilé láti ìran dé ìran. Ìjẹ̀bú kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí gíga ilẹ̀ lè mú wá láàárín Èkó àti Ayépé kò tó dígírì kan. Oníṣòwò ilẹ̀ tó bá ń sọ fún oníbàárà pé òkè ló mú Ayépé tura, ó ń ta ohun tí kò sí nínú igbá rẹ̀.

Síbẹ̀ Ayépé tura ju Èkó lọ, ohun tó mú un tura sì ni ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kó wá mọ̀. Igi ṣì wà, ilẹ̀ oko ṣì wà láàárín ilé, ilé kò tíì fi ògiri ti ògiri, èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ kò sì pọ̀ tó ti Èkó. Bí ọdún ṣe ń yí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gbogbo gúúsù ilẹ̀ Yorùbá: ooru a mú gidigidi ní oṣù kejì sí ìkẹta kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, òjò a pọ̀ títí di oṣù keje, yóò dá díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àrọ̀kúrò yóò tẹ̀lé e, ọyẹ́ yóò sì dé nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í gbẹ bíi ti Jọ́ọ̀sì. Ẹni tí òógùn bá ń yọ lẹ́nu l'Ékòó yóò ṣì làágùn ní Ayépé, kò kàn ní í pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ohun tó kù, ọwọ́ onílé ló wà. Àwọn àgbà Ìjẹ̀bú tó kọ́ ilé amọ̀ alájà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ògiri wọn nípọn débi pé oòrùn ọ̀sán kì í tètè wọ inú yàrá. Àjà amọ̀ a máa dínà fún ooru òrùlé. Ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú sì ń gba oòrùn kó tó kan ògiri. Ilé tí a ń kọ́ báyìí ni bílọ́ọ̀kù tẹ́ẹ́rẹ́, òrùlé páànù tí kò ga, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, àti kọnkéré tí wọ́n dà bo gbogbo àgbàlá títí dé ìdí géètì. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, inú irú ilé bẹ́ẹ̀ a máa gbóná ju ìta lọ. Kì í ṣe ìlú ló fa èyí. Ẹni tó bá gbé òrùlé rẹ̀ sókè, tó kan sílíìnì tó dára, tó jẹ́ kí fèrèsé dojú kọ fèrèsé, tó sì gbin igi méjì sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ilé rẹ̀, yóò jèrè ìtura tó pọ̀. Ilẹ̀ Ayépé ṣì gba irú ilé yìí. Ní Èkó, ibi tí igi ìbá wà ni ilé aládùúgbò wà.

Ẹ̀wẹ̀, ta ni yóò gbin igi sí ojú ọ̀nà kí ọkọ̀ lè rìn? Ìtàn olú-ìlú orílẹ̀-èdè yìí wúlò níbí. Ní ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Akínọlá Aguda láti wádìí bóyá ó yẹ kí olú-ìlú kúrò ní Èkó, àti ibi tí yóò lọ. Ìgbìmọ̀ náà fi máàkì sí gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ fi díwọ̀n ibi tuntun. Kí ibẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè gba 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlera àti ojú ọjọ́ gba 12. Kí ibẹ̀ ṣeé dé láti ọ̀nà púpọ̀ gba 7 péré. Òfin tó dá agbègbè olú-ìlú tuntun sílẹ̀ ní Àbújá jáde ní oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba sì kó lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1991. Lónìí, bí ènìyàn bá bi òṣìṣẹ́ tó ń gbé ní Mararaba, tó ń gba Nyanya wọ Àbújá lárààárọ̀, ohun tó ń pa á lára, kò ní í dárúkọ oòrùn ní àkọ́kọ́. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ yẹn ní ìdí tiwọn. Orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń wá ibi fún, kì í ṣe ìdílé kan. Ṣùgbọ́n ìdílé tó bá gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ wọlé, tó fún ojú ọjọ́ ní ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó fún ọ̀nà, yóò jìyà ìṣírò náà.

Ìbàfò àti Mówè ni ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣí ní ọdún 1978. Nígbà náà, ọ̀nà ìrìn-àjò ni, ìlú kan sí ìlú kejì. Kò pẹ́ tí ilé fi yí i ká, ilé ìjọsìn ńláńlá sì tẹ̀lé e. Ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ inú oṣù, tí àwọn ọmọ ìjọ Ìràpadà bá ń lọ sí àgọ́ wọn, ẹni tó ń gbé ní Mówè mọ̀ pé kí òun tètè wọlé tàbí kí òun má jáde rárá. Ọdún 2013 ni àtúnṣe tó lágbára bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì fi ń rìn láàárín ẹ̀rọ àti iyanrìn. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, ibùdókọ̀ Ìbàfò ti kún: agbèrò ń pe Berger l'Ékòó, àwọn òṣìṣẹ́ ń tòògbé lórí ìdúró, aṣọ iṣẹ́ wà lára, oúnjẹ òwúrọ̀ wà nínú ọ̀rá. Wọn kò jí nítorí pé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láago márùn-ún. Wọ́n jí nítorí pé tí aago mẹ́fà bá bá wọn nílé, ọjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Àti òjò àti ọ̀nà, wọn kì í ya ara wọn. Ọ̀dọ̀ Kárà àti Ìṣẹrí ni gbogbo ará Ìbàfò gbọ́dọ̀ gbà wọ Èkó, ibẹ̀ gan-an ni odò Ògùn ti ń kún. Bí òjò bá pọ̀ tí wọ́n sì tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, tí ìjọba ṣí ní ọdún 1983, omi a máa wọ ilé àwọn tó ń gbé ìsàlẹ̀ odò. Bí ọkọ̀ agbépo bá ṣubú, ọ̀nà kò sí mọ́: ní oṣù kẹfà ọdún 2018, iná ọkọ̀ agbépo lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá, lójú ọ̀nà márosẹ̀ kan náà, pa ènìyàn, ó sì jó ohun tó lé ní àádọ́ta ọkọ̀. Ẹni tó ní ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo, ìjàm̀bá kan ṣoṣo ló tó láti sé e mọ́.

Ayépé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú ló wà, Ìjẹ̀bú-Òde sì wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lè gba ọ̀nà Ṣàgámù dé ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí ibẹ̀ bá dí, ó lè gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ẹ̀pẹ́, lójú ọ̀nà kìlómítà 14 tí wọ́n tún ṣe, tí Ààrẹ Buhari sì ṣí ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ọ̀nà kejì yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ, nítorí iṣẹ́ ti ń lọ sí ìhà Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí ilé ìfọpo Dangote wà láti ọdún 2023. Ẹni tó bá rí iṣẹ́ níbẹ̀ kò nílò láti rí Berger lójú. Bí àìsàn bá dé, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣàgámù, ti Babcock wà ní Ìlíṣàn, ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní ti ẹ̀kọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Odògbólú láti ọdún 1973.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èyí kò lè ran ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Ìkẹjà lọ́wọ́. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi dídùn ọ̀rọ̀ bò ó. Ìjẹ̀bú-Òde sí Èkó jẹ́ nǹkan bí 100 kìlómítà. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún yóò rin 1,000 kìlómítà lọ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá, tí lítà epo sì jẹ́ ₦900, epo nìkan yóò gba ₦90,000 lọ́sẹ̀, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ọdún 2024 fọwọ́ sí jẹ́ ₦70,000. Ayépé kò yẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹni tí Ayépé tọ́ sí ni ẹni tó ń lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, àti oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí oníṣòwò tó lè rí oníbàárà ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣàgámù. Ẹni tó gbọ́dọ̀ dé Èkó lójoojúmọ́, ẹ̀gbẹ́ ojú irin ni kó lọ. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021 gba Abẹ́òkúta, kò yà sí Ìjẹ̀bú rárá, àbùkù gidi sì ni èyí jẹ́ fún Ìjẹ̀bú.

Ní ti Jọ́ọ̀sì, ìtura rẹ̀ kò ṣeé jiyàn. Ṣùgbọ́n rògbòdìyàn ọdún 2001, ti 2008 àti ti 2010 ṣì wà lọ́kàn àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, àti pé ọmọ Yorùbá tó bá kó lọ síbẹ̀ yóò máa la orílẹ̀-èdè já nígbàkigbà tí òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó bá pè é wálé. Ẹni tó ti ní ènìyàn níbẹ̀ lè lọ. Ẹni tó jẹ́ pé nítorí ooru nìkan ló fẹ́ lọ, owó sílíìnì kò tó owó ìrìn-àjò yẹn.

Àtakò tó le jù ni pé bí gbogbo ènìyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, tí wọ́n sì ya bo Ayépé, ṣé Ayépé kò ní í di Ìbàfò? Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pípọ̀ ènìyàn nìkan ló ba Ìbàfò jẹ́. Ohun tó bà á jẹ́ jù ni pé àwọn ìdílé onílẹ̀ ta ilẹ̀ ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì láìfi ojú ọ̀nà sílẹ̀, débi pé àdúgbò kan kò lè dé èkejì láìkọ́kọ́ jáde sí márosẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ ra iyọ̀ àti tírélà tó ń lọ sí Kánò jọ wà lójú ọ̀nà kan náà. Ayépé kò tíì dé ibẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Odògbólú àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlú ní Abẹ́òkúta ṣì lè fa àwòrán ọ̀nà inú ìlú, kí wọ́n fi òpó sàmì sí i, kí wọ́n sì kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ tó bá wà lórí rẹ̀. Kí àwọn ọba àti baálé bá wọn dá sí i, nítorí wọ́n mọ ìdílé tó ń tà àti èyí tó ń tà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ẹni tó fẹ́ rà náà béèrè ibi tí ọ̀nà gbà kó tó béèrè iye owó. Bí ìdílé tó ń tà kò bá lè fi ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ méjì lè gbà pàdé hàn án, kó má ṣe sanwó.