Wàrà kíkan àti ẹ̀jẹ̀ ríru: ṣé dèguè lè rọ́pò oògùn?

Lọ́jà Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, kò ṣòro láti rí wàrà kíkan, yaourt tàbí dèguè rà. Ó dùn, ó sì ń ṣara lóore. Ṣùgbọ́n a máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn kan pé wàrà kíkan ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí a ń pè ní tàǹsíọ̀n, sàn. A yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé ẹni tó bá tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì lè ko àgbákò.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàìní orísun. Purotéènì kan wà nínú wàrà tí wọ́n ń pè ní casein. Bí wàrà bá ń kan, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín tó ń mú un kan a máa gé casein yìí sí wẹ́wẹ́. Àwọn wẹ́wẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní peptide. Àwọn kan nínú wọn lè dí èròjà ara kan tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún lọ́wọ́. Bí iṣan bá sì dẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ní Jàpáànì, lọ́dún 1995, àwọn onímọ̀ rí méjì irú peptide bẹ́ẹ̀ nínú wàrà kíkan Calpis. Ní 1996, wọ́n tẹ àbájáde mìíràn jáde: àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mu ún lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀.

Kí ló wá dé tí a fi ní kí ẹ ṣọ́ra? Àwọn ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 2012, EFSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, yẹ ẹ̀rí wò, ó ní kò tó láti fi sọ pé peptide méjèèjì ń mú kí ẹ̀jẹ̀ wà níwọ̀n tó yẹ. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wàrà: àjọ yìí kan náà ló gbà ní 2010 pé yaourt tí kòkòrò inú rẹ̀ ṣì wà láàyè ń ran ẹni tí ṣúgà inú wàrà máa ń da inú rẹ̀ rú lọ́wọ́.

Ẹ̀wẹ̀, Lactobacillus helveticus, kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ nínú wàrà Jàpáànì yẹn, kì í ṣe èyí tí a sábà fi ń ṣe yaourt. Wàgàṣì ńkọ́? Oje bomubomu ni àwọn ìyá Fúlàní fi ń mú un dì lórí iná. Kì í ṣe kíkan ló kan. Dèguè sì sábà máa ń ní ṣúgà púpọ̀.

Èrò tiwa ni pé kí oníṣòwò má pe oúnjẹ rere ní oògùn; ọjà rẹ̀ yóò tà láìpurọ́. Ẹ ra èyí tó mọ́, tí wọ́n se wàrà rẹ̀ hó kó tó kan, nítorí pé wàrà tí kò rí iná lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ ran ènìyàn. Ẹni tí dókítà bá fún ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó máa lò ó lọ, kó sì máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ déédéé, torí pé àìsàn yìí kì í sábà fara hàn títí tí yóò fi gbéni ṣánlẹ̀. Wàrà àti oògùn lè jọ gbé inú ilé kan. Wàrà kò lè gba ipò oògùn.