Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Ọjọ́ Ìwọlé Kì Í Ṣe Ọjọ́ Ìkómọjáde

Nínú àwọn orúkọ àmútọ̀runwá ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé ni wọ́n ń pè ní Ìgè, èyí tí ó da ojú bolẹ̀ ni Àjàyí, èyí tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn ni Òjó tàbí Àìná. Ọmọ tí ó pẹ́ nínú oyún ju bí ó ti yẹ lọ pàápàá ní orúkọ tirẹ̀, èyíinì ni Ọmọ́pẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó kánjú wá, tí a bí nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tíì pé, kò ní orúkọ kankan láàrin àwọn tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé àtijọ́. Ohun tí ó jọ òtítọ́ jù ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í dúró di ọjọ́ tí à bá sọ wọ́n lórúkọ.

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Lónìí, ọmọ tí a bí ní oṣù méje, tí kò wọ̀n ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, lè lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú àkànṣe, nínú àpótí onígíláàsì tí iná ń mú móoru, kí wọ́n máa fi rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ fún un ní omi ọyàn, kí ó sì padà wá sílé láàyè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé àwọn ọmọ tí a bí kí oyún wọn tó pé ọ̀sẹ̀ 37 tó mílíọ̀nù 13.4 ní gbogbo ayé ní ọdún 2020. Síbẹ̀, ọjọ́ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn dé, àṣà kò tíì mọ ohun tí yóò pe ọjọ́ náà; nítorí náà ni tẹbí-tará ṣe ń sọ ọ́ di ọjọ́ ìkómọjáde. Wọn a ta àtíbàbà sójúde, wọn a se ìrẹsì, ọmọ a sì máa ti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sí ọwọ́ àbúrò, láti ọwọ́ àbúrò bọ́ sí ti aládùúgbò. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí.

Dókítà kì í dá ọmọ olóṣù méje sílẹ̀ nítorí pé ó ti di géńdé. Ohun tí ó ń wò ni pé ọmọ náà lè fa ọmú fúnra rẹ̀, pé ó ń mí láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ, pé ara rẹ̀ ń móoru lẹ́yìn àpótí, àti pé ó ń wúwo sí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kò tíì nípọn, òtútù tètè ń mú un. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń gbógun ti àrùn, oṣù mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn oyún ni púpọ̀ nínú wọn ń kọjá sí ara ọmọ. Ẹni tí ó sì ti jáde ṣáájú kò rí tirẹ̀ gbà tán. Ọ̀fìnkìn tí àgbàlagbà fi ń ṣeré lè dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí wọ́ọ̀dù tí ó ti wá, bí kò bá ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé dídá ayẹyẹ dúró kò bá àṣà mu, kí ó tún ọ̀rọ̀ náà wò. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí ó jáde ní 1921, pé ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹjọ ni ti ìbejì. "Ìkómọjáde" fúnra rẹ̀ fi hàn pé kí ọjọ́ náà tó pé, inú yàrá ni ọmọ wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Àwọn baba ńlá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ tuntun kì í ṣe ohun tí à ń gbé lé gbogbo ọwọ́. Ohun tí ó kù ni ibi tí ó yẹ kí ìkà ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ tí ó fi oṣù méjì ṣáájú àkókò rẹ̀. Ìdáhùn tí ó tọ̀nà ni pé kí wọ́n pín ayẹyẹ náà sí méjì. Kí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ gan-an, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, bàbá, ìyá àti àdúrà ráńpẹ́. Kí àpèjẹ dúró di ìgbà tí oṣù oyún náà ì bá ti pé, tí dókítà sì ti yẹ ọmọ wò.

Ti orúkọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn ẹbí mìíràn a máa fi orúkọ falẹ̀, wọn a ní kí àwọn kọ́kọ́ wò bóyá yóò dúró. Káàdì ara àpótí a sì máa jẹ́ "ọmọ ìyá báyìí" fún odindi oṣù kan. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ojú àbíkú wò ó nítorí pé ó kéré, wọn a sì yíjú sí ìyá rẹ̀ pé kí ni ó jẹ, kí ni ó gbé. Ìyá tí ó ń jí ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta lóru láti fún omi ọyàn sínú ife, tí ó ń gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì, kò yẹ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọmọ tí ó bá ní orúkọ, ìyá rẹ̀ lè pè é.

Bí ọmọ bá wá délé, ọwọ́ ìyá àgbà ni ọ̀rọ̀ kù sí. Òun ni yóò gbé omi kaná, òun ni ó mọ bí a ti ń fi kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ wẹ ọmọ, bí a ti ń fi àdí pa á lára, bí a ti ń jù ú sókè kí ó má baà di ojo, àti bí a ti ń rọ ọ́ ní àgbo. Ọmọ púpọ̀ ni ọwọ́ yẹn ti tọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n awọ ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé fẹ́lẹ́ bí ewé, ọrùn rẹ̀ kò gba jíjù, ikùn rẹ̀ kò sì gba ohunkóhun ju omi ọyàn àti oògùn tí dókítà bá kọ lọ. Ta ni yóò sọ èyí fún ìyá àgbà? Ìyàwó ilé ni wọ́n máa ń kọ́, òun náà sì ni kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí ó bá kúnlẹ̀ tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ní kí a má tíì fún un ní àgbo," èsì tí yóò gbà ni pé, "Ṣé dókítà yẹn ló bá mi tọ́ ọkọ rẹ dàgbà?" Ọ̀rọ̀ pin. Àléébù àwọn ilé ìwòsàn ni èyí ju ti ìyá àgbà lọ. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì pe ìyá ọkọ tàbí ìyá ìyàwó wá sí wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ bíi mélòó kan kí wọ́n tó dá ọmọ sílẹ̀, kí ó bọ̀wọ̀ fún un, kí ó fi bí a ti ń fọwọ́ àti bí a ti ń nu ọmọ lára hàn án, kí ó sì fi í ṣe olùṣọ́ ẹnu-ọ̀nà. Àlejò tí ìyàwó kò lè dá dúró, ìyá àgbà lè fi ojú lásán dá a padà.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí ìyá àgbà kọ́kọ́ gbọ́: káńfò, oníhóró funfun yẹn. Aṣọ ọmọ tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ láti ìgbà ọmọ àkọ́bí, káńfò ni wọ́n fi ń lé kòkòrò níbẹ̀. Àbùdá ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ó wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, pàápàá lára ọkùnrin, tí òórùn káńfò fi lè ba ẹ̀jẹ̀ ọmọ jẹ́, kí ibà pọ́njú sì dé, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá pọ̀ jù, ó ń dé ọpọlọ. Adití tàbí arọ ni ọmọ mìíràn ń dà, àwọn mìíràn kì í sì í yè é. Aṣọ tí káńfò kò fọwọ́ kàn rí ni kí wọ́n fi kó ọmọ wálé.

Ní ti òtútù, ohun èlò rẹ̀ ti wà nílé. Ní Bogotá, olú-ìlú Colombia, ní 1978, dókítà Edgar Rey Sanabria rí i pé àpótí ìmúmóoru kò kárí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mú kí àwọn ìyá so ọmọ mọ́ àyà, awọ kan awọ, bí ẹranko kangaroo ti ń gbé tirẹ̀ sínú àpò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè márùn-ún, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, tí àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2021, fi hàn pé bíbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kété tí a bá bí ọmọ dín ikú àwọn tí ó wọ̀n láàrin kílò 1 sí 1.8 kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Kò sí ẹni tí yóò kọ́ obìnrin Yorùbá ní ọ̀já. Iwájú ni kí ó so ó sí dípò ẹ̀yìn. Bàbá náà lè so ó. Ojú ń ti àwọn ọkùnrin kan láti ṣe é, àwọn kan náà tí ojú kì í tì láti jókòó nídìí ayò láti àárọ̀ di alẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ àpèjẹ bá wá pé, kí obì, orógbó, ataare, iyọ̀ àti oyin wà níbẹ̀ bí ó ti yẹ. Kí àwọn àgbà tọ́ wọn wò ní orúkọ ọmọ. Kí oyin má kan ẹnu rẹ̀ kí ó tó pé ọdún kan, nítorí pé oyin a máa ní kòkòrò àìfojúrí kan nínú tí ikùn ìkókó kò lè ṣẹ́gun. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tí ọmọ oṣù mẹ́fà kò fi tíì jókòó. Ọmọ tí ó fi oṣù méjì yá wá, oṣù mẹ́rin ni kí wọ́n kà fún un nígbà náà ní ti jíjókòó àti rírá. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kí wọ́n máa kà láti ọjọ́ tí a bí i gan-an.