Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìgò: Ẹ Má Kánjú

Àwọn kan ń wí pé kí a máa tètè yọ iṣan ẹ̀jẹ̀ tí a fi sẹ́ẹ̀lì ṣe kúrò nínú ìgò. Èmi kò gbà. Bí ó bá bẹ́ lára aláìsàn, ikú lè dé. Èyí tí Weinberg àti Bell ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1986 kò lágbára, àfi ìgbà tí wọ́n fi àwọ̀n Dacron gbá a mú. Ní 1999, Niklason àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú kí tiwọn máa wú, kí ó sì máa rọlẹ̀, bí ọkàn ti ń lù, fún ọ̀sẹ̀ 8. Ó sì le. Wọ́n fún un ní fítámìn C pẹ̀lú (èyí tí ń bẹ nínú ọsàn yín), nítorí òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń hun okùn tí ń mú ẹran ara le. Bí iṣan bá rọ̀, kí àwọn tí ń ṣe é yẹ ìlù àti oúnjẹ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi ọjọ́ kún un. Irú rẹ̀ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní Dìsẹ́mbà 2024 pàápàá gba ìkìlọ̀ pé ó lè ya.