Ìjánu Kì í Ṣàdéédé Já

Láti ìgbà tí mo ti ra píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan tó ti dàgbà, ìbéèrè méjì ni àwọn ènìyàn ń bi mí jù. Àwọn kan ń bèèrè pé, "Ọ̀dà wo lẹ fẹ́ kùn ún?" Àwọn mìíràn ń bèèrè pé, "Ṣé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́?" Ìbéèrè méjèèjì dára, ṣùgbọ́n ní tèmi, kò sí èyí tó yẹ kó ṣáájú nínú wọn. Ohun tó yẹ kí á kọ́kọ́ bèèrè nípa ọkọ̀ àtijọ́ ni pé: ṣé ó lè dúró?

Kò yà mí lẹ́nu pé ọkọ̀ yìí ń fa ojú mọ́ra. Ọdún 1968 ni Peugeot kọ́kọ́ gbé 504 jáde ní ilẹ̀ Faransé. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tẹ̀lé e ní 1979. Ilé iṣẹ́ Peugeot tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná ní 1975 ló sọ 504 di ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwa tí a mọ àwọn ọdún 1980 kò lè gbàgbé píkọ́ọ̀pù náà, bó ṣe ń kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó wọ ọjà. Ẹ̀yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ayọ́kẹ́lẹ́ 504: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn ni súpíríìn rẹ̀, ó sì lè ru ẹrù tó tọ́ọ̀nù kan. Nítorí náà, bí kò bá lè dúró, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ewu rẹ̀ wà fún. Ọlọ́jà tó pàtẹ sí ẹ̀bá ọ̀nà àti ọmọ iléèwé tó fẹ́ sọdá náà wà nínú rẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, "bíréèkì" ni ẹ ó gbọ́. Nínú ìwé, "ìjánu" ni a sábà ń kọ, ohun tí a ń fi sí ẹṣin lẹ́nu kí ó má baà gbé ẹni tó gùn ún lọ síbi tó wù ú. Láti inú ọ̀rọ̀ kan náà ni a ti rí ìkóra-ẹni-níjàánu, tí a fi ń mọ ọmọlúàbí. Ọ̀rọ̀ tó dára ni, ó sì bá ọkọ̀ mu.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà tí mo fẹ́ kí á tún yẹ̀ wò. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a ń sọ ni pé "ìjánu ọkọ̀ náà já", bí ìgbà tí okùn já lójijì. Gbólóhùn yìí ń tàn wá jẹ. Bí nǹkan bá já lójijì, àmúwá Ọlọ́run ni a ó pè é, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ayé, kò sì sí ẹni tó máa bèèrè ohun tí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe tàbí ohun tí kò ṣe. Bẹ́ẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìjánu kì í ṣàdéédé já. Ọdún pípẹ́ ni ó fi ń jẹrà, tí kò sí ẹni tó wò ó.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ ìjánu, òróró inú páìpù tín-ín-rín ni ó ń gbé agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níwájú, páàdì méjì á fún àwo irin mọ́ àárín. Lẹ́yìn, ṣúù á fẹ̀ láti inú, á sì fi ara ti àgbá irin tó ń yí. Bí ọkọ̀ bá wà lórí ìdúró fún ìgbà pípẹ́, òróró yìí á máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Omi náà á mú kí àwọn irin inú ibẹ̀ dípẹtà. Rọ́bà tó so páìpù mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ á gbó, ó lè sán níta, ó sì lè wú nínú títí ihò rẹ̀ á fi dí. Níkẹyìn, bí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè gígùn, tí ìjánu sì gbóná, omi inú òróró lè hó kí ó sì di ooru. Òróró kì í súnkì bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ooru a máa súnkì. Awakọ̀ á tẹ ìjánu, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ọjọ́ yẹn ni a ó sọ pé ó já.

Bàbá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún tèmi ṣe ní Ìbàdàn mọ èyí dáadáa. Kò tíì ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì rárá nígbà tó ti tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọkọ̀ tí kò lè dúró kò gbọdọ̀ gbéra." Ó da gbogbo òróró àtijọ́ nù, kò kàn bu tuntun lé e. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà, ó sì kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé a kì í da epo ẹ́ńjìnnì sí ìjánu láé, nítorí pé ó ń ba rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. Ìgbà tó parí, ó dán an wò lófìfo, ó sì tún dán an wò pẹ̀lú ẹrù. Ọgbọ́n wà níbẹ̀: ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó ṣófo fúyẹ́, bí a bá tẹ ìjánu lójijì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè dì, kí ọkọ̀ sì fi ẹ̀yìn yọ̀.

Lẹ́yìn ìjánu, táyà ló kàn. Ẹ má wo eyín rẹ̀ nìkan. Táyà lè ní eyín kí ó sì ti gbó. Ẹ wá àwọn lẹ́tà DOT lára rẹ̀, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe táyà náà ṣáájú ọdún 2000, ẹ tú u dànù. Lẹ́yìn èyí ni sitiárìn àti àwọn oríkèé rẹ̀, lẹ́yìn náà iná, wáípà àti bẹ́líìtì ìjókòó. Ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀lé wọn: kí á fọ ìpẹtà kúrò nínú táǹkì, kí á da bẹntiróòlù tó ti pẹ́ nù, kí á sì tú kábúrétọ̀ fọ̀. Ọ̀dà ló gbẹ̀yìn.

Àwọn kan á ní owó ni kò tó. Mo gbà pé ọjà le, ṣùgbọ́n owó tí a fẹ́ fi kun ọ̀dà ni mo ń sọ. Àwọn mìíràn á ní Ògún ló ni ojú ọ̀nà, òun ni á ṣọ́ wa. Èmi kò bá Ògún jà. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni Ògún. Ẹni tó bá jẹ́ kí irin jẹrà kò bọ̀wọ̀ fún onírin. Wọlé Ṣóyínká, tí ìfẹ́ rẹ̀ sí Ògún hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀, ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Kò rí i pé bíbọlá fún Ògún àti bíbọlá fún òfin ìrìnnà lòdì síra wọn.

Ìwé ọkọ̀ náà ṣe pàtàkì. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ bá ti inú ìwé mu, kí á yí orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ padà, kí á gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọ̀ àwọn VIO. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí kò lè dá ọkọ̀ dúró. Ẹni tó bá gba ìwé láìgbé ọkọ̀ dé ibi àyẹ̀wò, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sínú àròkọ pé "ìjánu já", ẹ bi ara yín bóyá ó já lóòótọ́, tàbí àìbìkítà ló jẹ ẹ́ run. Àwọn baba wa ní ìwà lẹwà. Ní ti ọkọ̀, ìjánu ni ìwà. Píkọ́ọ̀pù mi kò tíì rí ọ̀dà tuntun, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró.