Jẹnẹrétọ̀ Kì í Ṣe Iná Pàjáwìrì

Béèrè lọ́wọ́ alábòójútó ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà tàbí ní Lagos Island pé níbo ni iná pàjáwìrì ilé náà wà. Ìdáhùn tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé, "A ní jẹnẹrétọ̀." Òmíràn á fi kún un pé jẹnẹrétọ̀ náà tóbi, pé fúnra rẹ̀ ló ń tàn, pé kí èèyàn tó ṣẹ́jú, iná ti dé. Bẹ́ẹ̀ ni onílé ń rò, bẹ́ẹ̀ ni ayálégbé sì gbà. Èrò náà kò tọ́, ó sì lè pa èèyàn.

Ibi tí èrò náà ti wá kò ṣòroó mọ̀. Láti ayé NEPA títí di òní, ohun tí ojú ará Nàìjíríà mọ̀ sí òkùnkùn ni pé wọ́n mú iná ọba lọ, jẹnẹrétọ̀ sì ni oògùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilé ń jó yàtọ̀ sí ọjọ́ tí NEPA mú iná lọ.

Changeover tó ń dá ṣiṣẹ́, èyí tó ń mú kí jẹnẹrétọ̀ tàn bí iná ọba bá lọ, kò mọ ohun tó ń lọ lórí àtẹ̀gùn. Ibi tí iná ọba ti ń wọlé ló ń ṣọ́. Kí wáyà kan jó ní àjà kẹrin, kí breaker tó ń gbé iná àtẹ̀gùn já: àtẹ̀gùn á ṣú dùdù, iná ọba á sì wà digbí nísàlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò ní tàn, nítorí ní tirẹ̀, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá tilẹ̀ tàn, inú wáyà tó ti jó yẹn náà ni iná rẹ̀ fẹ́ gbà kọjá! Bí àwọn panápaná bá sì dé, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni kí wọ́n gé gbogbo iná mànàmáná ilé náà, ti ọba àti ti jẹnẹrétọ̀, kí iná má baà gbé wọn níbi tí wọ́n ti ń da omi. Wọn kò jẹ̀bi. Àwọn tó ṣì wà lókè ńkọ́?

Ẹni tó bá ní àsọdùn ni, kó wo New York. Lọ́jọ́ Ẹtì, 26 Oṣù Kejì 1993, àwọn agbésùnmọ̀mí gbé bọ́ǹbù sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà lábẹ́ World Trade Center. Èèyàn 6 kú, àwọn tó fara pa lé ní 1,000, èéfín ló sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn lọ́ṣẹ́. Ilé náà ní jẹnẹrétọ̀ pàjáwìrì. Wọ́n tàn lóòótọ́, àmọ́ bọ́ǹbù ti ba ọ̀nà omi tó ń mú wọn tutù jẹ́. Wọ́n gbóná kọjá ààlà, wọ́n sì kú. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wá ń fọwọ́ wá ògiri sọ̀kalẹ̀ nínú òkùnkùn, lórí àtẹ̀gùn ilé alájà 110. Ó gba àwọn mìíràn ní wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó rí ìta.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ni ilé náà fi iná oníbátìrì sórí àtẹ̀gùn, wọ́n sì fi ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn sàmì sójú ọ̀nà. Nígbà tó di 11 Oṣù Kẹsàn-án 2001, bí ìdá 99 nínú 100 àwọn tó wà nísàlẹ̀ ibi tí bàálù ti kọlu ilé ló jáde láàyè. Kì í ṣe iná nìkan ló ṣe é o. Èrò inú ilé kò pọ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde. Síbẹ̀, àwọn olùṣèwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ka ìmọ́lẹ̀ yẹn mọ́ ohun tó gbà wọ́n là. Ní 2004, òfin ìlú New York sọ irú àmì bẹ́ẹ̀ di dandan nínú àwọn ọ́fíìsì àwòṣífìlà.

Inverter náà kò yàtọ̀. Ní 16 Oṣù Kẹsàn-án 2025, iná sọ nínú ilé alájà 6 kan ní Broad Street, l'Ékòó. Ó kéré tán, èèyàn 10 kú. Àwọn panápaná ní yàrá inverter tó wà nísàlẹ̀ ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo bátìrì ilé sí yàrá kan ṣoṣo, ọjọ́ tí yàrá yẹn bá jó, kí ló kù?

Iná pàjáwìrì tòótọ́ kò gbójú lé yàrá kankan. Àpótí funfun pẹlẹbẹ kan ni, lókè ilẹ̀kùn tàbí níbi tí àtẹ̀gùn ti yí, tí bátìrì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iná tíńtín aláwọ̀ ewé wà lára rẹ̀ tó ń fi hàn pé bátìrì ń gba iná, bọ́tìnì ìdánwò sì wà nítòsí. Ara wáyà tó ń gbé iná àtẹ̀gùn gan-an ni wọ́n ń so ó mọ́. Bí iná ibẹ̀ bá ti kú, ohun yòówù kó pa á, òun á tàn. Ìlànà Amẹ́ríkà ní kó lo ìṣẹ́jú 90. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń béèrè wákàtí 3.

Tọ́ọ̀ṣì fóònù kò lè rọ́pò èyí. Ọwọ́ tó yẹ kó di irin àtẹ̀gùn mú, tàbí kó fa ọmọ dání, ni yóò gbà.

Àwọn tó ti rà á náà, kí wọ́n má sùn. Àwọn akunlé máa ń fi ọ̀dà bo iná tíńtín yẹn, kò sì sẹ́ni tó ń bi wọ́n. Ooru ń tètè ba bátìrì jẹ́: èyí tí wọ́n ṣe fún ọdún 4 lè má tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní kí wọ́n dán an wò lóṣooṣù, kí wọ́n sì jẹ́ kó tàn dé òpin àkókò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ìwọ alábòójútó tó mú ìwé yìí dání, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ sílé lálẹ́ òní, mú tọ́ọ̀ṣì dání, pa breaker iná àtẹ̀gùn nìkan, kí o sì dúró sórí àtẹ̀gùn náà. Bí o kò bá rí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ fẹ́ tẹ̀, ra iná oníbátìrì kí o tó ra díísù jẹnẹrétọ̀ mìíràn.