Òjò Ká Wa Mọ́ Orí Òkè Àdó



Bí òjò bá pa ọmọ, ohun tí a sábà máa ń bẹ̀rù ni ikọ́ tàbí òtútù àyà. A gbà pé ìlú òyìnbó, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀, nìkan ni òtútù fúnra rẹ̀ ti lè pa ènìyàn. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún tí ó kọjá, nígbà tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi mú àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, gun òkè Àdó-Àwáyè ní agbègbè Ìṣẹ́yìn.

Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 300 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé orí òkè náà, níbi tí adágún omi Ìyákẹ́ wà. Oòrùn mú nígbà tí a gbéra. Ṣẹ́ẹ̀tì òwú kan ṣoṣo ni mo wọ̀ fún ọmọ náà. Òótọ́ ni pé aṣọ mìíràn wà nínú àpò tí a gbé kọ́ ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n n kò fi nǹkan kan wé e. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa aṣọ!

A kò tí ì pẹ́ lórí àpáta nígbà tí ìjì dé. Òjò rin wá, ó rin àpò, ó rin aṣọ inú àpò. Àtẹ̀gùn ń yọ̀ débi pé ìdí ni a fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀ níbòmíràn. Ọmọ náà ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Nígbà tí ó yá, kò gbọ̀n mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé ara rẹ̀ ti ń móoru. Ṣùgbọ́n ó ń fi ẹsẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní oorun ni.

Ìyá alákàrà kan ní ìsàlẹ̀ òkè ni kò gbà pé oorun ni. “Ìyàwó, bọ́ aṣọ tútù yẹn kúrò lára ọmọ yìí!” Ó nu ún gbẹ, ó gbé e mọ́ àyà ara rẹ̀, ó fi ìró gbígbẹ méjì wé àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì bò ó lórí. Ìgbà tí ojú ọmọ là dáadáa ni ó tó fún un ní ògì gbígbóná tí ó dùn fún ṣúgà, díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí ìyá náà ṣe bá ìmọ̀ ìṣègùn mu pátápátá. Ooru ara ènìyàn jẹ́ nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá wá sílẹ̀ ju 35 lọ, ewu dé. Omi a máa fa ooru kúrò lára kíákíá ju afẹ́fẹ́ lọ, òwú a sì máa fa omi mu. Òfì Ìṣẹ́yìn tí a fi òwú hun, tí mo fẹ́ràn ju aṣọ gbogbo lọ, ẹrù lásán ni bí òjò bá rin ín. Ara ọmọdé a sì tètè tutù ju tiwa lọ. Bí ọmọ tí ń gbọ̀n bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n, tí ojú rẹ̀ kò sì là, ilé ìwòsàn ni kí ẹ máa gbé e lọ. Ẹ má ṣe rọ nǹkan sí i lẹ́nu, kí ẹ má sì fún un ní ọtí rárá. Ọtí a máa lé ooru jáde kúrò lára ni.

Aṣọ gbígbẹ kan, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀, kí ẹ dì wọ́n sínú náílọ́ọ̀nù tí ó nípọn kí wọ́n tó wọ inú àpò. Ẹ mú ẹ̀pà àti àádùn dání, nítorí oúnjẹ ni ara fi ń dáná. Ní ti mànàmáná, bí ẹ bá rí i, ẹ máa kà: ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta-mẹ́ta dúró fún kìlómítà kan. Bí ààrá bá sán kí ẹ tó ka 30, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ má sì sá sábẹ́ igi tí ó dá dúró.

Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá tí ilẹ̀ gbẹ, a padà lọ kí ìyá alákàrà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó di aṣọ rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, ó so ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bi mí bóyá mo ti di tèmi.