Ariwo ìpolówó orí fóònù: Abẹ́ rẹ̀ làwọn gbájúẹ̀ ń sá sí

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n bí àwọn kan bá ń bu yẹ̀pẹ̀ sí alákàn lójú láti àárọ̀ dalẹ́, kí ni yóò fi ṣọ́ orí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló yẹ ká bi àwọn iléeṣẹ́ tó ń pèsè ìlà fóònù lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà àti àjọ NCC tó ń ṣe àkóso wọn, lórí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń rọ́ wọnú fóònù àwọn aráàlú lójoojúmọ́.

Ẹni bá jí láàárọ̀ tó gbé fóònù rẹ̀ mọ ohun tí à ń wí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan á ní kó tẹ nọ́ńbà báyìí kó lè jẹ owó ńlá. Òmíràn á ní kó wá ra orin tí yóò máa dún sétí ẹni tó bá pè é. Ẹ̀kẹta á pè é sí tẹ́tẹ́, ẹ̀kẹrin á ní owó ẹ̀yáwó ti wà ńlẹ̀ fún un, kò nílò onídùúró. Nígbà tó bá yá, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà wọ́n mọ́, ṣe ni wọ́n ń pa wọ́n rẹ́. Ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n rẹ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ilé ìfowópamọ́, èyí tó ń sọ pé ẹnì kan ti fa owó yọ, ti ń bá wọn lọ.

Nígbà tí GSM dé ní ọdún 2001, tí fóònù bá dún, ẹni tí a mọ̀ ló ń wá wa. Nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ọdún 2014 ni nọ́ńbà BVN bẹ̀rẹ̀ nílé ìfowópamọ́. Nígbà tó di Oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ìlà fóònù ní nọ́ńbà ìdánimọ̀, ìyẹn NIN. Owó wa àti ẹ̀rí ìdánimọ̀ wa ti so mọ́ fóònù báyìí. Ẹnu ọ̀nà kan náà tí ìpolówó ń gbà wọlé ni OTP, nọ́ńbà àṣírí tí ilé ìfowópamọ́ fi ń mọ̀ pé àwa la fẹ́ náwó, ń gbà wọlé.

Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí dáadáa. Wọn kì í já ilẹ̀kùn. Wọ́n á pe èèyàn, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ ní kíkún, wọ́n á ní ilé ìfowópamọ́ làwọn ti ń pè, pé BVN rẹ̀ ti fẹ́ dí, kó tètè ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé fáwọn. Ẹni tó bá kà á ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé olè lọ́wọ́ nìyẹn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀gọ̀ ló ń kó sírú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀. A ò gbà. Ohùn tí gbájúẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀ ni ìpolówó fi ń sọ̀rọ̀: ṣe kíá, òní nìkan ni, o ti jẹ, má jẹ́ kó bọ́. Ẹni tí iléeṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ti ń kánjú fún láti ọdún pípẹ́, báwo ni yóò ṣe mọ ìgbà tí kánjúkánjú náà di ti olè?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn áàpù ẹ̀yáwó. Ìpolówó ló ń kó èèyàn débẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ yáwó bá ti tẹ "Allow" láìkà á, áàpù náà ti kó orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù rẹ̀. Bí owó bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á máa kọ̀wé sí àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ àti pásítọ̀ rẹ̀ pé olè ni. Ẹni tírú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí kì í rí oorun sùn, àyà rẹ̀ á máa já tí fóònù bá ti dún. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC àtàwọn àjọ mìíràn ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn n'Íkẹjà. Láti ọjọ́ 31, Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Google náà fòfin de kí áàpù ẹ̀yáwó máa yọjú wo orúkọ àti fọ́tò inú fóònù. Ìgbésẹ̀ tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ojú ti ti ọ̀pọ̀ èèyàn tán ló tó wáyé.

Lóòótọ́, NCC ti ṣe ọ̀nà kan láti ọdún 2016: ẹni tí kò bá fẹ́ ìpolówó, kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023 náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ìpolówó. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn ló mọ̀? Ta ló sọ ọ́ fún wọn lédè tí wọ́n gbọ́?

Àwọn iléeṣẹ́ lè ní ìpolówó ń ran ọlọ́jà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí ọlọ́jà má polówó, ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í wọ yàrá ẹni wá polówó. Ohun tó tọ́ ni pé kí ilẹ̀kùn wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ìpolówó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Ohun tó wà ńlẹ̀ báyìí ni pé ó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n wá ní kí onílé lọ wá kọ́kọ́rọ́.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa. Ẹ fi STOP ránṣẹ́. Ẹ má ka nọ́ńbà àṣírí fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ mọ oríkì yín. Ẹni bá ń kán yín lójú lórí fóònù, ẹ gé e, kẹ́ ẹ gba ilé ìfowópamọ́ yín lọ. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá wa nílé, ẹ ṣàlàyé fún wọn.

Alákàn lè nu ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bu yẹ̀pẹ̀ ló yẹ kí ìjọba gbá lọ́wọ́ mú.